Ihò Kan Nínú Fíríìjì Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí fíríìjì fojú mi rí ní Ìlọ́fà. Ó ti pẹ́ o. Ìgbà yẹn ni mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí orí mi ṣì gbóná, tí mo gbà pé kò sí ìṣòro tí èmi ò lè fi ọgbọ́n inú ìwé tú. Àwọn tó mọ̀ mí nígbà náà á ní orí ọ̀hún ò tíì tutù títí dòní. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Kàdúná ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé ilé. Ìyá kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ọmọ Ararọ̀mí-Ọ̀pin ni, oko ni wọ́n bí i sí, kí n tó jí láàárọ̀ ó ti ro ìdí ẹ̀fọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé. Àmọ́ àtọ̀gbẹ ti ń bá a jà, àwọn dókítà ní Ìlọrin sì ti sọ pé àràárọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́. Oògùn inú ìgò kékeré kan ni, kò ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n ní inú òtútù ni kó máa wà. Nọ́ọ̀sì díspẹ́ńsárì wa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún un, ọwọ́ mi ló sì ń gún un kí n tó lọ síléèwé.

Ibo la ti fẹ́ rí òtútù? Ọkọ mi ló dáhùn ìbéèrè yẹn. Nígbà tó ń bọ̀ wálé fún ọdún Àjíǹde, ó gbé fíríìjì kan sẹ́yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, ó fi okùn dè é bí ẹni de ewúrẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn, fíríìjì yẹn ga jù mí lọ. Ìlẹ̀kùn méjì ló ní. Ti òkè ni fírísà, ti ìsàlẹ̀ ni ibi tí a ń kó oúnjẹ àti omi mímu sí. Wọ́n ní irú tuntun ni, tí yìnyín kì í dì mọ́ ara rẹ̀. Ìwọ̀nba fíríìjì tí à ń rí ládùúgbò nígbà náà, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gbẹ́ yìnyín kúrò lára wọn, bí yìnyín bá sì ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe ń yin fíríìjì náà tó. Bàbá Dáre, aládùúgbò wa tó ti fìgbà kan wa lọ́rì dé òkè ọya, ṣí fírísà wa, ó fọwọ́ pa ògiri rẹ̀ yí ká, ó mi orí. Ó ní fíríìjì tí kò ní yìnyín lára, ṣé fíríìjì nìyẹn àbí kọ́bọ́ọ̀dù?

Ọkọ mi ṣàlàyé títí. Ó ní fáànù kékeré kan wà lẹ́yìn fírísà níbi tí ojú wa ò tó, òun ló ń fẹ́ òtútù káàkiri. Ó ní bí yìnyín bá fẹ́ dì lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ̀rọ náà á fúnra rẹ̀ yọ́ ọ. Ó tún sọ àwọn nǹkan mìíràn. Ṣé mo gbọ́? Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí, báwo ni màá ṣe ní mi ò gbọ́? Mo ń mi orí ni, ọkàn mi sì wà lọ́dọ̀ ibi tí màá kó tòmátì sí.

Nígbà tó padà sí Kàdúná, mo wá ibi tó tutù jù lọ fún oògùn Ìyá. Ní ìsàlẹ̀, lórí pẹpẹ àkọ́kọ́, lẹ́yìn pátápátá, mo rí ihò kan tí atẹ́gùn ti ń jáde. Atẹ́gùn náà tutù débi pé ó ń ta mí lọ́wọ́. Mo ní kí ni mo tún ń wá? Bí òtútù bá dára fún oògùn, òtútù tó pọ̀ á dára jù, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo gbé ìgò náà síwájú ihò yẹn gan-an, mo fi ìkòkò ọbẹ̀ dí i níwájú kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ gbá a ṣubú. Láàárọ̀, mo kàn ń na ọwọ́ kọjá ìkòkò ni, màá mú un, màá fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, màá dá a padà. Mi ò wo ẹ̀yìn níbẹ̀ mọ́.

Nǹkan ń lọ dáadáa títí òjò fi wá ń rọ̀ lójoojúmọ́, tí ọ̀nà Odò-Ọ̀wá di ẹrẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé ó ń rẹ Ìyá. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá. Á mu omi, á tún mu. Á lọ tọ̀, kò ní pẹ́ á tún dìde lọ. Ó ń rù. Ìdí ẹ̀fọ́ tó máa ń ro kún fún koríko, orí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́bàá ògiri ló kàn ń jókòó sí.

Mo ní mo mọ ohun tó fà á. Ìyá ń jẹ ohun dídùn ní kọ̀rọ̀ ni! Kí ló tún lè jẹ́? Ṣebí àràárọ̀ ni mo ń gún un lábẹ́rẹ́?

Ni mo bá di ọlọ́pàá nínú ilé. Mo gbé agolo ṣúgà sínú àpótí aṣọ mi, mo tì í. Mo ń gbọ́ òórùn ẹnu kọ́ọ̀bù tó bá fi mu omi. Lọ́jọ́ kan, mo ń gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, mo rí ìgò mínírà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e sókè níwájú rẹ̀ bí lọ́yà tó rí ẹ̀rí, mo ní kí lèyí? Ìyá rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sí mi nímú. Kẹrosíìnì ni, èyí tó ń dà sí àtùpà rẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ.

Ǹjẹ́ ojú tì mí? Ó tì mí díẹ̀, àmọ́ mi ò jáwọ́. Mo sọ fún un pé ó ń pa ara rẹ̀, pé bí nǹkan bá ṣe é, gbogbo Ìlọ́fà á ní èmi ìyàwó ni mi ò tọ́jú rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, mi ò jẹ nǹkan kan." Mo kùn sínú, mo jáde lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo gbé ọbẹ̀ jáde nínú fíríìjì kí n gbé e kaná, mo ṣí i, ó ti kan, ìfófòó ti bo ojú rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ìgò omi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná inú fíríìjì ń tàn o. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń kùn. Mo ṣí fírísà lókè, ẹja ibẹ̀ le gbagidi, o lè fi sọ ajá. Òkè tutù, ìsàlẹ̀ gbóná. Irú kí wá nìyí?

Mo rántí oògùn. Mo na ọwọ́ kọjá ìkòkò, mo mú ìgò náà, kò tutù rárá.

Ìyá kò pariwo. Ó ní kí n bu omi tuntun sínú àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, kí n fi náílọ́ọ̀nù wé ìgò náà, kí n fi sínú abọ́ kékeré, kó léfòó lórí omi. Ó ní àmù ti ń mú nǹkan tutù kí fíríìjì tó gbọ́njú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì fà á lọ́wọ́ lọ sí díspẹ́ńsárì.

Nọ́ọ̀sì da ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ oògùn kan nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ṣúgà ò bá sí níbẹ̀, búlúù ló máa ń dúró sí. Ti Ìyá pọ́n bí bíríkì. Mo ní fíríìjì ló bàjẹ́, pé ooru ti ba oògùn jẹ́. Ó ní ooru ọjọ́ mélòó kan kì í sábà pa á báyìí, pé nǹkan mìíràn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ohun yòówù kó jẹ́, a gbọ́dọ̀ rí oògùn tuntun ní Ìlọrin ní kíákíá, torí bó bá ń báa lọ báyìí Ìyá lè sùn kó má jí. Ó tún ní kí n ṣàtúnṣe ibi tí màá kó oògùn tuntun náà sí, kí a má baà tún padà síbi tí a wà. Èmi bojú wo Ìyá tìfura-tìfura. Ṣé ẹ rí ìwà?

Ẹrẹ̀ ti ba ọ̀nà jẹ́, kò sọ́kọ̀ Ìlọrin títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo bá dojú kọ fíríìjì. Bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Mo kọ́kọ́ wo bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yí òtútù sókè sódò, bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ààrin ló wà. Mo wo rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn. Mo fi bébà kan há ẹnu ìlẹ̀kùn, mo pa á dé, mo fà á, bébà náà kò yọ bọ̀rọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ yí gbogbo ìlẹ̀kùn ká. Rọ́bà dára. Mo yọ aṣọ léèsì tí mo fi bò ó látòkè délẹ̀, torí mo fẹ́ kó bá àga pálọ̀ mu. Mo fa fíríìjì kúrò lára ògiri, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku tó bo páìpù wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Eruku náà pọ̀ bí òwú! Mo tẹ́tí sí fírísà, mo gbọ́ fáànù tó ń yí.

Mo dúró di ọjọ́ kejì. Ìsàlẹ̀ ò tutù.

Bàbá Dáre ní òun ti sọ láti Àjíǹde pé fíríìjì tí kò ní yìnyín kì í ṣe fíríìjì. Ó ní gáàsì ló tán. Nínú ayé Bàbá Dáre, bí ọkọ̀ bá kú, gáàsì ló tán. Bí rédíò ò bá sọ̀rọ̀, gáàsì ló tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá tó ń tún fíríìjì ṣe dé láti Òmù-Àrán. Ọ̀gá Jímọ̀ là ń pè é, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ṣí ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Tíṣà, gáàsì ni." Bàbá Dáre rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ọ̀gá Jímọ̀ ti ń kó irinṣẹ́ jáde kó lu páìpù láti fi gáàsì tuntun sí i, ni mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà fíríìjì.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, bí gáàsì bá ti tán, ta ló ń sọ ẹja mi di òkúta lókè yẹn?"

Ó ṣí fírísà, ó fi èékánná kan ẹja, ó pa fírísà dé. Ó tún ṣí i. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ìbéèrè yín lágbára." Inú mi dùn sí i nítorí pé kò bínú. Ẹlòmíràn á ti lu páìpù kó tó ronú. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní irú oní-yìnyín lòun mọ̀ dunjú, irú èyí ṣì ṣàjèjì sí òun díẹ̀, àmọ́ òtútù wà lókè, kò rọ́nà sọ̀ kalẹ̀ ni. Ó bi mí pé ibo ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ihò kan wà lẹ́yìn.

A kó gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ jáde. Ọ̀gá Jímọ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní nǹkan kan wà níbẹ̀ tó rọ̀ bí rọ́bà. Ó bi mí bóyá bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ó fà á. Ó jáde, pọ́ọ̀! Atẹ́gùn tútù tú jáde tẹ̀lé e, ó fẹ́ lù wá lójú.

Àkísà àǹkárá ni, wọ́n ká a bí ìdérí ìgò, wọ́n sì fi ìda oyin rẹ́ ẹ yípo.

Mi ò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ilé yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dí nǹkan báyẹn. Bí Ìyá bá fẹ́ tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà di òjò ọdún tó ń bọ̀, inú akèrègbè ló ń dà á sí, á ká àkísà dí ẹnu rẹ̀, á yọ́ ìda oyin rẹ́ ẹ, kí atẹ́gùn àti kòkòrò má baà wọlé. Akèrègbè mẹ́rin tó dí bẹ́ẹ̀ ló wà ní àjà wa.

Ara mi gbóná. Mo gba àkísà náà, mo bá a lórí bẹ́ńṣì. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ dí i? Ẹ̀yin lẹ ba fíríìjì jẹ́?"

Ó wo àkísà, ó wo èmi. Ó ní, "Èmi ni." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Mo ní nítorí kí ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ní nígbà tí mo lọ síléèwé lọ́jọ́ kan, òun ṣí fíríìjì kóun mu omi, òun gbé ìkòkò kúrò, òun rí oògùn òun tó ti dì gan-an, tó funfun nínú ìgò. Òun mú un, òun dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí tó fi yọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rí bẹ́ẹ̀. Òun wá rí ihò tó ń fẹ́ atẹ́gùn lù ú. Ó ní irúgbìn tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lù kì í hù, òun sì rò pé bákan náà ni oògùn rí, lòun bá dí i.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ùwọ lo gbé e síbẹ̀. Kí n wá sọ pé ìyàwó mi ò mọ nǹkan gbé?" Ó ní nígbà tóun jẹ́ ìyàwó, ìyá ọkọ òun kì í rí ohunkóhun tóun ṣe kó má bá a wí. Bí òun bá bu omi, ó pọ̀ jù. Bí òun bá gbálẹ̀, kò mọ́. Ó ní òun búra nígbà náà pé ìyàwó tọ́mọ òun bá fẹ́ kò ní gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu òun láéláé.

Ọ̀gá Jímọ̀ wo ilẹ̀. Bàbá Dáre pàápàá kò rántí gáàsì mọ́.

Mo sáré lọ bá nọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe ní oògùn náà ti dì rí, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní oògùn yìí, bó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, agbára rẹ̀ ti lọ, kódà bó yọ́ padà. Òtútù ló fẹ́, kì í ṣe yìnyín. Ó ní ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni? Ó sọ ọ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì mi orí.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń gún omi lásán sí obìnrin yìí lára, tí mo tún ń wá ṣúgà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Láfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wọ ọkọ̀ Ìlọrin, fúláàsì kan wà lọ́wọ́ mi. Ẹrẹ̀ mú táyà wa lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, a tì í. Gbogbo ìgbà tí mo ń tì í, ojú Ìyá ni mò ń rí. Mo rí oògùn rà, mo bu yìnyín sí ìsàlẹ̀ fúláàsì, mo fi aṣọ nípọn ya oògùn sọ́tọ̀ kó má fara kan yìnyín. Ṣé ẹ rí i pé mo ti kọ́gbọ́n? Nígbà tí mo fi délé, Ìyá ò lè dìde mọ́. Nọ́ọ̀sì ti ń dúró sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun ló gún un.

Nọ́ọ̀sì ń wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìtọ̀ inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ìyá jókòó, ó bi mí bóyá koríko ti pa ẹ̀fọ́ òun. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún dáadáa kí n tó padà wá dá a lóhùn.

Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ṣúgà, nítorí ìgò kẹrosíìnì, nítorí bí mo ṣe pariwo mọ́ ọn níwájú àlejò. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, láti òní lọ, ẹ máa bá mi wí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé màá lè gbà á? Mo ní màá gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, obìnrin yẹn bá mi wí! Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì gan-an. Iyán mi lẹ́mọ̀, ọbẹ̀ mi ṣàn, ìgbálẹ̀ mi kì í dé abẹ́ àga, mo ń pariwo lé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórí jù, aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti fún mọ́ mi. Èmi náà á dá a lóhùn, a ó jiyàn, a ó rẹ́rìn-ín. Oògùn rẹ̀ wà lára ìlẹ̀kùn fíríìjì, jìnnà sí ihò yẹn, àwa méjèèjì la sì jọ ń wò ó láràárọ̀. Bí a ṣe gbé ilé náà nìyẹn títí tó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́, tí Ọlọ́run fi pè é.

Bí fíríìjì yín bá tutù lókè tó gbóná nísàlẹ̀, ẹ wo ọ̀nà tí òtútù ń gbà sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu páìpù yín. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni pé kí ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, kí ẹ bi í ní ohun tó rí tí kò lè sọ, kí ẹ sì gbọ́ ọ kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Ọ̀wọ̀ tí kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dákẹ́ nítorí yín rí, tí ẹ ò mọ̀ àfi nígbà tó fẹ́ẹ̀ pẹ́ jù? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá kà á. Èmi gún iyán lánàá, ó lẹ́mọ̀, mo jẹ ẹ́ tán, kò sẹ́ni tó bá mi wí.